Alhaji Ràsákì àti Àwọn Àjèjì Orí Náílọ́ọ̀nù

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Alhaji Ràsákì Oníbúrẹ́dì ní Ìlá Ọ̀ràngún lónìí, ọ̀rọ̀ òkú tí kò kú ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Kí ẹni tí kò sí nílé lọ́dún náà má bàa rò pé ará ìlú ń purọ́ mọ́ olóògbé, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ràbíátù, ọmọ Alhaji, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ n'Íbàdàn, ó sì ti kó ẹrù wálé láti wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí búrẹ́dì. Ohun àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n ṣe ni bánà ńlá kan tí wọn yóò so síwájú ilé búrẹ́dì. "Bàbá, ẹ yan fọ́tò tó bá wù yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ó ní. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Alhaji lọ jókòó ti Ọláníyì, ọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe káàdì àti bánà lẹ́bàá ọjà, ó sì yan bàbá arúgbó kan tó wọ agbádá funfun, tó dé fìlà funfun, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni tó bá rí àgbà bí irú èyí yóò mọ̀ pé búrẹ́dì àwọn kì í ṣe ti àná. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán náà: 1984 TÍTÍ DI ÒNÍ. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ pé: LÁTI ỌWỌ́ ALHAJI RÀSÁKÌ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ.

Ní Ìlá, arúgbó tí wọ́n bá gbé sórí bánà tó ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ funfun, òkú ni. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n so ó tó lù, àwọn èèyàn ti ń wọlé.

"Alhaji, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀yìn sí."

"Àmín."

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín gan-an?"

Alhaji wo bánà, ó wo Ràbíátù, ó tún wo bánà. Ọkùnrin náà kò lè gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ni," ó ní, ó sì mí kanlẹ̀. "Gánà ni wọ́n wà látijọ́."

Ràbíátù fà á lọ sẹ́yìn ààrò. "Bàbá, ẹnikẹ́ni ò kú o!"

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o mọ ọkùnrin náà rí ni?"

"Bàbá!"

"Ẹni tá ò mọ̀ rí, a kì í fọwọ́ sọ̀yà pé ó wà láàyè." Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì padà síta lọ gba ìkíni.

Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Bàrákátù tó ń gbé lẹ́yìn mọ́sáláṣí tẹ̀pá dé. Ó dúró wo bánà náà títí, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní òun mọ ọkùnrin náà. Ó ní ní Kùmásì, kó tó di pé wọ́n lé àwọn Yorùbá wálé, ọkùnrin yìí ṣèlérí láti fẹ́ òun. "Ó ní kí n dúró de òun ní gáréèjì," ni màmá náà wí. Alhaji tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá kó búrẹ́dì méjì lé e lọ́wọ́, ó sì ní ẹnikẹ́ni tó bá la ọ̀rọ̀ náà yé màmá, òun àti olúwa rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n já bánà náà, nígbà tí ìmáàmù ránṣẹ́ wá béèrè ọjọ́ tí fídáù yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀ kò lè lọ láìra nǹkan, búrẹ́dì tí wọ́n sì tà láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi oṣù kan. Alhaji ronú sí i dáadáa. "Ràbí," ó ní, "ṣé ká tún pa ẹlòmíràn ni?"

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí kì í ṣe eré. Ó ti lé ní ọdún márùndínlógójì tí wọ́n ti ń ṣe Búrẹ́dì Àlùbáríkà ní Ìlá, inú náílọ́ọ̀nù funfun lásán ni wọ́n sì ń dì í sí látìgbà yẹn. Ààrò alámọ̀ ni, igi ni wọ́n ń dá sí i, àwọn ọlọ́kadà márùn-ún ló sì ń gbé búrẹ́dì náà lọ sí Ọ̀rà àti Ìgbájọ láràárọ̀. Nígbà tó yá, búrẹ́dì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlú ńlá wá nínú náílọ́ọ̀nù tó ń dán gbinrin, tó ní àwòrán tọkọtaya òyìnbó àti ọmọ wọn lára. Bí òwú ni búrẹ́dì náà ṣe ń rí lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń rà á nítorí aṣọ tó wọ̀. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ọlọ́kadà márùn-ún ti ku méjì.

Ràbíátù mọ̀ pé àfi kí àwọn náà tẹ náílọ́ọ̀nù aláwòrán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ n'Íbàdàn kì í dá ẹni tó bá fẹ́ díẹ̀ lóhùn. Báálì ràbàtà-ràbàtà ni wọ́n ń tẹ̀. Gbogbo owó tó ní nílé ayé, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè tẹ̀ ẹ́. Ó san án fún wọn ṣáájú, ó ku kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Bí fọ́tò náà bá wọ àwọn èèyàn lójú, iṣẹ́ yóò dúró. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lójú, wọn yóò pa iná ààrò, èèyàn mọ́kànlá tó ń jẹun nídìí rẹ̀ yóò sì lọ sílé. Ta ni yóò wá yan fọ́tò náà? Ẹni tó ni iṣẹ́ ni. Oṣù mẹ́rin ni yíyàn náà gbà, Ọláníyì sì sọ pé inú oṣù mẹ́rin yẹn ni òun ti hu gbogbo ewú tó wà lórí òun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọláníyì ṣàlàyé fún Alhaji pé ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí fọ́tò kún bámúbámú, pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn tó ya wọ́n ló ní kí ayé máa lò wọ́n.

"Ọ̀fẹ́?" Alhaji yọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ń kó ọjà fúnni lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé wọ́n jí i ni?"

"Rárá o, Alhaji. Wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni."

"Ṣé wọ́n mọ̀ mí ni? Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tó wá ń ta mí lọ́rẹ, ó ní nǹkan tó ń wá." Ó yọ owó lápò. "Gba ẹgbẹ̀rún méjì, san án fún wọn."

"Kò síbi tá a fẹ́ san án sí, Alhaji."

"Ẹgbẹ̀rún méjì àti búrẹ́dì kan."

"Alhaji, wọn kì í gbowó."

"Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Mi ò lè fi kọ́bọ̀ kún un mọ́, wálàhí."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wà lórí ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àyílà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú Ọláníyì, ó ní, "Ó ti tó, Alhaji. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá."

Alhaji lejú mọ́ ọn. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kẹ̀? Nǹkan tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́? Gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò kan wà tí Ràbíátù fẹ́ràn gan-an: bàbá òyìnbó, ìyá àti ọmọ méjì jókòó yí tábìlì ká, búrẹ́dì wà láàárín. Alhaji fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan kọ̀ǹpútà.

"Kí lèyí lábẹ́ tábìlì?"

"Ajá ni, Bàbá."

"Ajá ń bá wọn jẹ búrẹ́dì mi?"

"Kì í ṣe búrẹ́dì yín, Bàbá. Fọ́tò lásán ni."

"Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí náílọ́ọ̀nù mi, ó ti di búrẹ́dì mi. Yọ ajá."

Ọláníyì fi odindi ọjọ́ kan yọ ajá náà. Nígbà tí Alhaji rí i lọ́jọ́ kejì, ó mi orí. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣì ń wo abẹ́ tábìlì tìfẹ́tìfẹ́, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. "Àwọn èèyàn á ní àlùjọ̀nnú ló ń bá ṣeré," ó ní. Bí fọ́tò yẹn ṣe wọgbó nìyẹn.

Èkejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan ló ń gbé búrẹ́dì fún bàbá rẹ̀. Alhaji fò dìde lórí àga. "Ọwọ́ òsì! Ọmọ ń fi ọwọ́ òsì gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀, bàbá wá ń rẹ́rìn-ín sí i!" Ọláníyì ní kó fara balẹ̀, kọ̀ǹpútà lè yí fọ́tò padà kí òsì di ọ̀tún. Ó tẹ nǹkan kan, fọ́tò sì yí padà. Ní tòótọ́, ọmọ náà ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n bàbá náà ló wá ń fi ọwọ́ òsì gbà á. Alhaji wò ó títí. "Ilé yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá," ó ní. "Ẹ kàn ń gbé ìwà burúkú kúrò lọ́rùn ọmọ, ẹ ń gbé e kọ́ bàbá lọ́rùn."

Ẹ̀kẹta ló gbé dé iwájú mọ́sáláṣí. Tọkọtaya kan ni, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́. Alhaji ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún òun, nítorí pé a kì í mú ẹni tá ò ṣèwádìí rẹ̀ wọ agboolé. Lẹ́yìn ìrun Alaásàrí, ó fi ìwé náà han àwọn àgbà mẹ́rin tó máa ń jókòó síta. Ọ̀kan ní ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́ jù, kò roko rí. Èkejì ní obìnrin náà ju ọkọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ̀kẹta béèrè pé ta ni bàbá ọkùnrin náà, kò sì sí ẹni tó lè dáhùn. Ẹ̀kẹrin, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ní ní tòun, òun fara mọ́ wọn; wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí Alhaji padà délé, Ràbíátù béèrè ibi tí wọ́n forí ọ̀rọ̀ tì sí.

"Wọn ò gbà," ni bàbá rẹ̀ wí. "Wọ́n ní kí obìnrin náà wá ọkọ mìíràn."

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí kò pa Ràbíátù lẹ́rìn-ín mọ́. Ọlọ́kadà kan ṣoṣo ló kù, búrẹ́dì àná ṣì wà lórí pátákó. "Bàbá," ó ní, "ẹ ń fi eré pa iṣẹ́ yín. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ibí yìí. Mo kó àwọn ọmọ mi wá síbí. Bí ààrò yìí bá kú, ibo ni mo fẹ́ gbà?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Alhaji wọ bàtà, ó sì dá lọ sọ́dọ̀ Ọláníyì.

Ó ní kí Ọláníyì gbé èkúté kọ̀ǹpútà náà fún òun, òun fẹ́ fúnra òun wá a. Ó wo àwòrán bí igba, ó ń pòṣé sí gbogbo wọn, títí ó fi dúró lórí ọ̀kan. Ọkùnrin kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, ẹ̀wù rẹ̀ ti rún, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún èérún. Ó gé búrẹ́dì jẹ, ó sì di ojú pinpin. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹni tá à ń wá nìyí," ni Alhaji wí jẹ́jẹ́.

"Alhaji, ó dà bí ẹni tí ebi ń pa o."

"Àwọn tó kù ńkọ́? Gbogbo wọn ló ti yó! Ẹni tó ti yó, kí ló fẹ́ fi búrẹ́dì ṣe?"

Ràbíátù ní ó di èèwọ̀. Ó ní ta ló fẹ́ ra búrẹ́dì tó ní ojú ìyà lára? Alhaji ní òun lòun ni iṣẹ́. Ràbíátù ní òun lòun ni owó. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè là wọ́n. Ní ọjọ́ kan tí Ràbíátù lọ sí Ìgbájọ, Alhaji so fíláàṣì tí Ọláníyì gbé fọ́tò náà sí mọ́ inú áńkáṣíìfù, ó wọ mọ́tò, ó sì di Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, báálì náílọ́ọ̀nù dé. Ràbíátù tú ọ̀kan, ó rí ọkùnrin elébi náà níbẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá àti ọmọ kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Purity tó ń po fùláwà ni wọ́n ń rán sí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìdí tábìlì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí.

"Purity, bá mi sọ fún Alhaji pé yíìsì ti ń tán."

"Alhaji, wọ́n ní—"

"Mo gbọ́. Purity, sọ fún un pé mo ti ní kí wọ́n rà á láti àná."

"Àǹtí, wọ́n ní—"

"Purity, bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọn ò sọ?"

Purity kúrò nídìí tábìlì, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo fùláwà.

Ọjọ́ kẹrin ni náílọ́ọ̀nù tuntun jáde, gbogbo ìlú sì fi ṣẹ̀sín. Àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ọmọ iléèwé ń dijú, wọ́n ń ṣe bí ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi han ìyàwó rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ ra ọ̀kan. Nígbà tó bá sì ti wo ojú ọkùnrin náà díẹ̀, itọ́ á ti máa dà lẹ́nu òun náà. Kí oṣù tó parí, kò sí ẹni tó ń pè é ní Àlùbáríkà mọ́. "Fún mi ní Elébi méjì," ni wọ́n ń wí ní Ọ̀rà. Àwọn ọmọ ìlú tó wá ṣe ọdún láti Èkó ń kó ogún-ogún sínú mọ́tò. Ọlọ́kadà tún di márùn-ún, wọ́n di méje. Alhaji kò sì fi ṣe fáàrí fún ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni o, ó fi ṣe fáàrí ní mọ́sáláṣí, ó fi ṣe lọ́jà, ó fi ṣe níbi ìsọmọlórúkọ.

Nǹkan kan ṣoṣo wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ràbíátù ló rí i tó máa ń mú búrẹ́dì kan jáde ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó sì rò pé bàbá òun ti fẹ́ ìyàwó síbì kan. Ó tẹ̀ lé e. Gáréèjì ni Alhaji lọ. Ó wá àlejò tí kò mọ̀ rí, ó sì fún un ní búrẹ́dì náà. Ràbíátù jáde sí i.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ojú ti Alhaji. "Sàráà ọkùnrin yẹn ni," ó ní, ó sì nàka sí náílọ́ọ̀nù. "À ń fi ojú ẹ̀ jẹun, Ràbí, kò sì mọ̀ wá. Ọlọ́run á mọ bó ṣe máa jíṣẹ́ fún un."

Ràbíátù ní, "Ẹ jàre, Bàbá."

"Mo mọ̀," ni Alhaji wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá kú, kó o kó àwọn òyìnbó ẹ sórí náílọ́ọ̀nù."

Ó kú lóòótọ́. Ọjọ́ Àlàrùbá kan ni, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó sì jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Kò ṣàìsàn púpọ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ti kó búrẹ́dì Ìgbájọ lọ, wọ́n ní wọ́n ti kó o lọ, ó sì sùn.

Ó lé díẹ̀ ní oṣù méjì lẹ́yìn náà tí náílọ́ọ̀nù fi ku báálì kan. Ràbíátù lọ bá Ọláníyì. Owó ti wà lọ́wọ́ báyìí, ìparí ọ̀rọ̀ sì ti wà lẹ́nu òun nìkan. Ọláníyì ṣí àwọn fọ́tò. Ẹ̀karùn-ún jẹ́ ti ìyá kan àti ọmọ méjì, ojú wọn tutù, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé sára búrẹ́dì wọn. Irú èyí tí Ràbíátù ti ń wá látọjọ́ yìí gan-an ni.

"Eléyìí," ó ní.

Ọláníyì wo aago. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó na ọwọ́ láti gbé fọ́tò náà sínú fíláàṣì.

"Dúró ná."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára." Ràbíátù wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí. "Ó dára, Ọláníyì. Kò sì sí ẹni tó ní kò dára." Ó bá bú sẹ́kún. Ọláníyì, tó ti gbàdúrà láìmọye ìgbà pé kí Ọlọ́run gba ọwọ́ Alhaji lára òun, wá rí i pé omi ń bọ́ lójú òun náà. Àárò bàbá náà ń sọ ọ́ gidigidi.

"Ọláníyì," ni Ràbíátù wí, "jọ̀ọ́, bá mi jiyàn díẹ̀."

Ọláníyì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ilé wọn mọ́ jù," ó ní. "Ibo ni wọ́n ti ń gé búrẹ́dì tí ilẹ̀ ń dán báyẹn?"

"Bóyá wọ́n ti gbálẹ̀."

"Ta ló gbá a? Àwọn ọmọ yìí? Ẹ wo ojú wọn, ẹ̀gbọ́n. Àwọn yìí ò mú ìgbálẹ̀ rí láyé wọn."

Ràbíátù rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Òótọ́ ni o," ó ní. "Ìyá wọn gan-an ń kẹ́ wọn bà jẹ́. Gbé wọn kúrò, ṣí òmíràn."

Wọ́n wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀ńgàríbà, wọn kò sì rí ẹyọ kan mú.